Ọjọ́ Tí Mo Pe Bàbá Stóò Lórúkọ

Àwọn tó lọ sílùú òyìnbó máa ń ròyìn òtútù. Wọ́n á ní yìnyín bọ́, ètè wọn bó, ìka wọn kú. Èmi náà fi ilé sílẹ̀ lọ sílẹ̀ òkèèrè o, ṣùgbọ́n mi ò rí yìnyín kankan. Òkókómáíkò ni mo lọ. Ẹni tó bá kúrò ní Pọ́bẹ̀ wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láàárọ̀ lè jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ibodè kan ṣoṣo ni mo sọdá, ó sì gbé mi dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ọmọ ta ni mí.

Yorùbá ni mo ń sọ láti kékeré. Mo rò pé ìyẹn á tó mi lò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ọ̀dìnatẹ̀ tí n ó máa lò hàn mí. Gbogbo àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ń wojú ara wọn. Mo bá nawọ́ sí i lórí tábìlì.

"Háà! Kọ̀ǹpútà lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ń fọwọ́ gbá itan. Títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá ń kọjá á yọjú wọlé, á ní, "Ọ̀dìnatẹ̀ ńkọ́?" Tiwọn náà ò sì yé mi. Bí wọ́n bá sọ gbólóhùn kan, òyìnbó á wà níbẹ̀, pijin á wà níbẹ̀, Yorùbá á kàn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí àlejò.

Èyí tó burú jù ni bọ́tìnì ìtẹ̀wé. Àjàṣẹ́ tó wà nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti àwọn Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ wa. Ibi tí A wà lórí tiwa, Q ló wà lórí tiwọn. Ìka mi ò mọ̀ pé a ti sọdá ibodè. Ìkíni àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ọ̀gá wa, ohun tó rí gbà ni: "E kqqro ;q." Ó dìde láti yàrá tirẹ̀, ó wá dúró lé mi lórí, ó béèrè bóyá ara mi le.

Ọmọ ọ̀gá yìí, Àǹtí Múnírà, ló gbà mí síṣẹ́. Ọjọ́ orí wa ò jìnnà síra, Àǹtí ipò ni. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Alájì, ló ń kó firísà wọlé láti òkè òkun. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Ọjà Àlàbá, stóò tí wọ́n ń kó ẹrù sí wà ní Ìbà, ọ́fíìsì sì wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkókómáíkò. Faransé ni àwọn oníbàárà tó ń ti Kútọnu àti Lomé wá ń sọ, wọ́n sì fẹ́ ẹni tí yóò máa dá wọn lóhùn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, kí wọ́n fi wò mí. Bí mo bá ṣe dáadáa, mo di òṣìṣẹ́. Bí mi ò bá ṣe dáadáa, mo mọ̀nà ilé.

Ọ̀rọ̀ Kútọnu yìí ni wọ́n gbé lé mi lórí. Kútọnu ni gbogbo wọn sọ mí. "Kútọnu, gbé fáìlì yẹn wá." "Kútọnu, o ti jẹun?" Mi ò sì sun Kútọnu rí láyé mi!

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń pè mí. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n máa ń bi mí: ṣé mo jẹun, ṣé ilẹ̀kùn mi ní kọ́kọ́rọ́, ta ló ń pè mí lórúkọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ṣèèṣì sọ fún wọn pé Kútọnu ni wọ́n ń pè mí, ariwo tí ìyá mi pa, n bá gbọ́ ọ láìsí fóònù.

"Kútọnu! Ṣé o sọ fún wọn pé Pọ́bẹ̀ ni mo bí ẹ sí?"

"Mo sọ, Ìyá mi. Wọ́n ní ibì kan náà ni."

"Ibì kan náà kẹ̀? Kí ìwọ náà máa pe Èkó ní Kánò fún wọn, ká wo ohun tí wọ́n máa ṣe! Ilé la wò ká tó sọ ẹ́ lórúkọ. Ilé ta làwọn wò?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Yàrá kan ni mo gbà nínú ilé tí yàrá mẹ́wàá ti kọjú síra wọn. Èrò ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń yà. Mo máa ń ra gúgúrú tí mi ò fẹ́ jẹ, kí ẹni tó ń tà á lè bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí èèyàn bá wà nílé, kì í mọ̀ pé orúkọ òun máa ń dún tó bẹ́ẹ̀: lójúde, lódò, lẹ́yìn ilé. Ìgbà tí kò bá dún mọ́ ló máa ń mọ̀. Ìdánìkanwà dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń gbà mí sílẹ̀, gúrúùpù ibi iṣẹ́ wa. Orí áàpù aláwọ̀ ewé tó wà lórí fóònù tẹrú-tọmọ yẹn ni. Bàbá Stóò, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ẹrù ní Ìbà, ló máa ń ṣí i láràárọ̀. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n pẹ́ nínú Ọ̀jọ́ Cantonment, bí wọ́n bá sì kí èèyàn, onítọ̀hún á ṣe bí ẹni fẹ́ nàró kó sálúùtù. Ohùn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́: "Ẹ káàárọ̀ o! A ò ní ríjà ọjà! Firísà tí ẹ bá tà lónìí ò ní padà wá!" Àwa mẹ́rìndínlógún tó kù á bẹ̀rẹ̀: Àmín. Àmín Bàbá. Àmín lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹnì kan á ní, "Kútọnu, o jí ire?" Bí mo ṣe kórìíra orúkọ yẹn tó, inú mi á dùn. Ó kéré tán, ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá mo jí.

Àárín àdúrà yìí ni iṣẹ́ ti ń sọnù. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Sàídì, tí wọ́n jẹ́ olórí ṣọ́ọ̀bù Àlàbá, kọ ọ́ síbẹ̀ pé firísà tí a gbé fún oníbàárà kan ń rú èéfín. Èèyàn mọ́kànlá ló ṣe Àmín sí i.

Àǹtí Múnírà fọwọ́ lu tábìlì. Ó ní ó tó. Ó ní a máa kó kúrò lórí aláwọ̀ ewé lọ sórí áàpù mìíràn, elésè àlùkò, tí wọ́n ṣe fún ibi iṣẹ́ gan-an. Yàrá yàrá ni wọ́n pín tibẹ̀ sí: Yàrá Ọjà Títà, Yàrá Stóò, Yàrá Àtúnṣe. Kò sí yàrá àdúrà. Fóònù ẹnikẹ́ni ò sì ní dún níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. O máa tẹ a kékeré tó ká ìrù mọ́ra yẹn, o máa fi orúkọ ẹni tí ò ń wá tẹ̀lé e, fóònù onítọ̀hún nìkan ló máa dún. Ó tún ní fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ìpè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí ọwọ́ wa lè mọ́ tuntun.

"Kútọnu, ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà, ìwọ lo máa kó wa débẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni oṣù mẹ́ta rẹ pé. Bí iṣẹ́ bá ń lọ geerege lórí ẹ̀ lọ́jọ́ náà, wàá gbàwé iṣẹ́. Bí kò bá lọ, Alájì ní àwọn á wá ẹlòmíì tó gbọ́ Faransé."

Mo bá múṣẹ́ ṣe. Ó fún mi ní fáìlì àwọn òṣìṣẹ́, mo kọ orúkọ gbogbo wọn bó ṣe wà nínú káàdì ìdánimọ̀ wọn, orúkọ àbísọ ló ṣáájú, mi ò yọ lẹ́tà kan. Mo ń wo bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan kí Q má bàa kó bá mi. Ìgbà tó kan tèmi, ó ti rẹ̀ mí. Mo kọ "Ádímìn" síbẹ̀, mo dìde.

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo wa wọlé sórí elésè àlùkò. Ìyá Sàídì ti wá sí ọ́fíìsì kí n lè fi hàn wọ́n. Wọ́n wo fóònù, wọ́n wò mí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé Kúdírátù ni mí?"

"Káàdì yín ni, mà."

"Hẹn-ẹn. Ọkọ mi gan-an ò mọ̀ ọ́n mọ́." Wọ́n tún wo ìsàlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ta ni wọ́n ń pè ní Málọmọ́ níbí?"

Bàbá Stóò ni. Bàbá Stóò tí irùngbọ̀n wọn funfun báláú, tí wọ́n ń dá nìkan ti firísà wọnú ọkọ̀! Orúkọ tí wọ́n fi ń bẹ ọmọ àbíkú ni wọ́n ń jẹ́. Mi ò mọ ibi tí n ó gbójú sí. Ó ń ṣe mí bí ẹni ṣílẹ̀kùn bá àgbà nínú balùwẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, áàpù dákẹ́. Ọjọ́rú, ó tún dákẹ́. Kò sí àdúrà, kò sí ariwo, fóònù kankan ò dún. Mo wá ń yan kiri ọ́fíìsì, mo ń dá ara mi lọ́lá. Mo ní báyìí gan-an ni ibi iṣẹ́ òyìnbó ṣe ń rí. Mi ò tilẹ̀ dúró dọjọ́ Àìkú, mo pe ìyá mi kí n yangàn.

"Ìyá mi, èmi ni mo kó gbogbo ibi iṣẹ́ dé áàpù tuntun!"

"O ṣé, ọmọ mi. Kí ni wọ́n wá ń pè ọ́ níbẹ̀?"

"Ádímìn."

"Èwo ló tún ń jẹ́ Ádímìn? Ọmọ ta nìyẹn?"

Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Mo pa fóònù.

Lọ́jọ́bọ̀, a gbọ́ ẹsẹ̀ gìrìgìrì lórí àtẹ̀gùn. Òórùn ló kọ́kọ́ wọlé. Obìnrin kan tẹ̀ lé e, abọ́ ńlá lórí, omi ẹja ń kán sí i léjìká. Ìyá Ẹlẹ́ja ti Navy Town ni, oníbàárà wa. Ìyá Sàídì tẹ̀ lé wọn láti Àlàbá, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja rìn lọ tààrà síbi tábìlì mi, wọ́n gbé abọ́ ka orí fáìlì àwọn òṣìṣẹ́.

"Ẹja títọ́ọ̀sì rèé. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ra firísà lọ́wọ́ yín, wọ́n ní ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Èyí tí mo ní nílé ti kú. Ìyókù ẹja wà nínú yìnyín tí mo lọ tọrọ. Mi ò kúrò níbí. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa ṣọ́ ẹja!"

Àǹtí Múnírà fi ìbòrí rẹ̀ bo imú. "Ìyá Sàídì, ṣé ẹ ò kọ ọ́ sórí áàpù ni?"

"Mo kọ ọ́! Ẹ wò ó!"

Mo ṣí Yàrá Stóò. Òótọ́ ni, wọ́n kọ ọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbà, firísà kan wà fún Navy Town." Ọjọ́ kan náà: "Bàbá wa tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin là ń bá wí o." Ọjọ́rú: "Ẹni tó bá wà nítòsí Bàbá, kó bá wa fọwọ́ kàn wọ́n jẹ́jẹ́." Chíkẹ́, tó ń tún firísà ṣe ní Àlàbá, kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Daddy, na you we dey greet o." Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́rìnlá, kò sí ọ̀kan tó ní orúkọ nínú. Kò sì sí ọ̀kan tí fóònù Bàbá Stóò dún sí.

"Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ wọn?" Àǹtí Múnírà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Kí n pe Bàbá Stóò ní Málọmọ́?" Ìyá Sàídì fẹ̀yìn rìn títí wọ́n fi kan ògiri. "Èmi? Ká má rí i!"

Chíkẹ́ ti bá wọn wá kó lè bá wọn gbé abọ́. Àǹtí Múnírà kọjú sí i. "Chíkẹ́, ìwọ kì í ṣe Yorùbá. Gbà, tẹ̀ ẹ́."

"Abẹ́g! Àlàbá ni wọ́n bí mi sí. Lórí eléyìí, mo ti di Yorùbá."

Àǹtí Múnírà, tí òun fúnra rẹ̀ fòfin de ìpè, fa fóònù tirẹ̀ yọ láti tẹ orúkọ náà. Ó na ìka. Ìka dúró lófuurufú. Ó ká a kò. "Bàbá Stóò ló máa ń gbé mi lọ sílé ìwé nígbà tí mo wà ní jẹ́léósinmi," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó wá gbójú sókè wò mí. "Kútọnu. Ìwọ ni Ádímìn."

Ẹ gbà mí! Mo rántí pé ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì. Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, firísà ò ní lọ, iṣẹ́ mi á sì lọ. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, mo ti di ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, wọn ò sì ní sọ pé èmi ni, Pọ́bẹ̀ ni wọ́n máa bú. Mo gbé bọ́tìnì ìtẹ̀wé kúrò lórí tábìlì, mo gbé e sórí àga, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Kúnlẹ̀ dáadáa," ni Ìyá Ẹlẹ́ja wí. "Orúnkún kan ò tó."

Mo fi èkejì kún un. Mo tẹ a tó ká ìrù, mo tẹ orúkọ náà, mo wá fi ẹ̀bẹ̀ yí i ká: "@Málọmọ́, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dákun sà, firísà kan sí Navy Town sà, ẹ má bínú sà, kì í ṣe ẹjọ́ mi sà." Mo dijú, mo tẹ̀ ẹ́.

A jókòó ti ẹja. Chíkẹ́ ń fi páálí fẹ́ ẹ. Kò tó wákàtí kan, a gbọ́ ọkọ̀ nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà bàtà sójà lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀. Bàbá Stóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù wọn lọ́wọ́.

"Firísà wà nínú ọkọ̀," ni wọ́n wí. "Ta ló pè mí?"

Gbogbo wọn nawọ́ sí mi. Ìyá Ẹlẹ́ja gan-an nawọ́ sí mi! Mi ò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀, mo kàn yíjú sí wọn ni.

Bàbá Stóò jókòó. Wọ́n ṣí fìlà. "Ní bárékè, Sájẹ́ńtì ni mí. Nílé, Bàbá Títí. Níbí, Bàbá Stóò. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n sin kí wọ́n tó bí mi. Bí mo bá ń jáde lọ ṣeré báyìí, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa pè é títí mi ò fi ní gbọ́ mọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lọ. Mo wà láàárín ẹrù, fóònù dún, mo wò ó..." Wọ́n fi fìlà nu ojú. "Ẹja yìí ló ń ta mí lójú."

"Ẹ má bínú, sà," ni mo wí.

"Mi ò bínú. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí o bá tún dán an wò, n ó fẹsẹ̀ rẹ wọn ọ̀nà dé ibodè." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún wo fóònù. "Orúkọ gbogbo wa ló wà níbí. Ádímìn yìí, ṣé orúkọ nìyẹn? Kí ni ìyá tìrẹ ń pè ọ́?"

"Kútọnu ni, sà," ni Ìyá Sàídì dá wọn lóhùn.

"Mi ò dé Kútọnu rí!"

Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹnu ya èmi fúnra mi. Oṣù mẹ́ta ló jáde lẹ́ẹ̀kan. Mo ní Pọ́bẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, mo ní ẹnikẹ́ni ò béèrè, mo wá sọ orúkọ mi. Bàbá Stóò pè é tẹ̀ lé mi bí ẹni ń pe orúkọ àwọn sójà lórí pápá. Ìyá Sàídì pè é. Àǹtí Múnírà pè é, ojú ń tì í díẹ̀. Chíkẹ́ pè é, ó fi ohùn Àlàbá sí i, ó sì dùn létí mi bẹ́ẹ̀ náà. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní ẹja ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó, mo wá ibi tí wọ́n ti ń yí orúkọ padà títí mo fi rí i, mo sì yí gbogbo orúkọ padà sí bí a ṣe ń pe ara wa: Bàbá Stóò, Ìyá Sàídì, Chíkẹ́ Àlàbá. Mo yára kọ Alájì síbi tí Sùbérù wà kí wọ́n tó rí i. Mo ṣí yàrá kan sí i, mo pè é ní Yàrá Àmín, Àǹtí Múnírà ò sì bá mi wí. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, firísà mẹ́fà ti jáde láti Ìbà, a ti dárúkọ Bàbá Stóò nígbà ogún, ara ò sì ta ẹnikẹ́ni. Àǹtí Múnírà fún mi níwèé iṣẹ́. Orúkọ mi wà lókè rẹ̀, ó pé pérépéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn ẹja wà lára ìwé náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi pè. Mo jẹun. Ilẹ̀kùn mi ní kọ́kọ́rọ́. Kí wọ́n tó béèrè ẹ̀kẹta, mo ní kí wọ́n dúró. Mo yá fóònù aládùúgbò mi, mo wọlé sórí elésè àlùkò níbẹ̀, mo gbé e ti ẹnu fóònù tèmi, mo jẹ́ kí ohùn Bàbá Stóò ti àárọ̀ ọjọ́ náà jáde. Wọ́n gbàdúrà fún ọjà, wọ́n gbàdúrà fún ọkọ̀, wọ́n wá dárúkọ mi, wọ́n ní ẹsẹ̀ tí mo fi sọdá ibodè, ẹsẹ̀ ire ni yóò jẹ́.

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi láti Pọ́bẹ̀: "Àmín."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ mọ orúkọ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá kí wa ní Òkókómáíkò ná. A ò tíì mọra tó bẹ́ẹ̀.